Ìkìlọ̀ fún ẹni tó lọ́mọ, àti fún ọmọ tó ní fóònù

Ẹni tó bá ní ọmọ tó ti lé ní ọdún 12 nínú ilé, tí ọmọ náà sì ń gbé fóònù wọ yàrá lọ lálẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Aburú tó ń bá àwọn ọ̀dọ́ lórí ìkànnì ayélujára pọ̀, mi ò sì ní lè kà á tán. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dì mú, èyí tó máa ń wọlé lóru, tó sì lè pa ọmọ kí ilẹ̀ tó mọ́: àwọn ọ̀daràn tó ń gba àwòrán ìhòòhò lọ́wọ́ ọmọdé, tí wọ́n á sì máa fi dúnkookò mọ́ ọn títí yóò fi sanwó, tàbí títí ayé yóò fi sú u. Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ náà gbà kàn wá. Àwọn ọmọ wa kan wà lára àwọn tí wọ́n ń pa, àwọn ọmọ wa kan ló sì ń pani.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ní ìlú Marquette ní ìpínlẹ̀ Michigan, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọmọ ọdún 17. Ó ń ṣe eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́, ó lọ́rẹ̀ẹ́, ó lóbìí tó fẹ́ràn rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan kọ̀wé sí i lórí Instagram, ó pe ara rẹ̀ ní ọmọbìnrin. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹni náà tọrọ àwòrán ìhòòhò, ọmọ náà sì fi í ránṣẹ́. Kíá ni ohùn yí padà. Wọ́n ní kó san 1,000 dọ́là, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwòrán náà yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ àti gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó wá 300 dọ́là san. Wọ́n ní kò tó. Nígbà tó sọ fún wọn pé òun máa pa ara òun nítorí wọn, wọ́n ní kó yára ṣe é. Kò tó wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ wọlé tí ọmọ náà fi kú.

Kò sí ọmọbìnrin kankan níbẹ̀. Èkó ni àwọn tó ń tẹ fóònù wà. Ọmọ ìyá méjì ni wọ́n, Samuel àti Samson Ogoshi, wọ́n ra àkáǹtì tí wọ́n jí gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, òun ni wọ́n ń lò. Àwọn tí wọ́n ti ṣe é fún lé ní ọgọ́rùn-ún, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni wọ́n kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, adájọ́ rán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ sẹ́wọ̀n ọdún 17 àti oṣù mẹ́fà.

Ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ òyìnbó. FBI, ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ní láàrin oṣù kẹwàá ọdún 2021 sí oṣù kẹta ọdún 2023, ẹ̀sùn irú èyí tó lé ní 13,000 ló wọlé. Àwọn tí wọ́n ṣe é fún kò dín ní 12,600, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ó sì kéré tán, 20 ti pa ara wọn. Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin ló pọ̀ jù. Nínú ilé wa, ọmọbìnrin là ń pè sí kọ̀rọ̀ kìlọ̀ fún. Ọmọkùnrin, a máa ń fi í sílẹ̀ pé kò sóhun tó máa ṣe é. Àwọn ọ̀daràn mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò tíì bá a sọ̀rọ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá a kiri. Èyí tó wà lórílẹ̀-èdè tiwa ńkọ́? Ọmọ tó ń lo Instagram n'Íbàdàn àti ọmọ tó ń lò ó ní Michigan, ìkànnì kan náà ni wọ́n wà, ẹni tó bá fẹ́ bá èkíní sọ̀rọ̀ lè bá èkejì sọ̀rọ̀ láìdìde lórí àga.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe máa ń lọ, nítorí òbí tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ohun tó yẹ kó sọ fún ọmọ rẹ̀.

Àkáǹtì tí ọ̀daràn náà ń lò ti pẹ́. Fọ́tò ọdún mélòó kan wà lórí rẹ̀: ọmọbìnrin kan àti ajá rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Kó tó kàn sí ọmọ yín, ó ti kọ́kọ́ tọrọ ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, àwọn kan sì ti gbà á láìbéèrè ta ni. Bí ọmọ yín bá yẹ̀ ẹ́ wò, yóò rí orúkọ àwọn tó mọ̀ níbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Agogo mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá. "O ò tíì sùn?" Ọ̀rọ̀ dídùn, ẹ̀rín, ìbéèrè nípa ilé ẹ̀kọ́ àti ibi tó ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè ibi tó ń gbé yẹn ni kẹ́ ẹ fọkàn sí, nítorí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ àti àdúgbò wà lára ohun tí wọ́n á fi dẹ́rù bà á bó bá yá. Láìpẹ́, ẹni náà á kọ́kọ́ fi àwòrán ìhòòhò ránṣẹ́, àwòrán ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n rí níbòmíràn. "Mo ti ṣe tèmi. Tìrẹ dà? Àbí o ò fọkàn tán mi?" Á ní kí ojú hàn nínú rẹ̀ dáadáa. Àwòrán tí kò ní ojú kò wúlò fún un.

Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọmọbìnrin náà ti pòórá. Ohun tó máa wọlé báyìí ni àwòrán kan tí wọ́n tò pọ̀: ìhòòhò ọmọ náà lápá kan, ojú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín nínú yúnífọ́ọ̀mù lápá kejì, orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ àwọn tó ń tẹ̀lé e: ẹ̀gbọ́n, àǹtí, olùkọ́, ọmọ ọlọ́dún kan náà ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti kó gbogbo wọn sójú kan. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lo ní." Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á wálẹ̀: mẹ́sàn-án, mẹ́jọ, méje. Kò fẹ́ kí ọmọ náà ráyè ronú. Kò fẹ́ kó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kò fẹ́ kó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.

Bí ọmọ bá ní òun ò lówó, á ní kó ya fọ́tò káàdì báńkì bàbá rẹ̀, kó wo àpò ìyá rẹ̀, kó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Bó bá rí díẹ̀ san, ohun tó fi yé ọ̀daràn náà ni pé ẹ̀rù ti ba òun, pé owó ṣì lè jáde. Kò sí iye tí wọ́n gbà tí wọ́n á fi ní ó tó. Ọmọ Marquette yẹn sanwó.

Ẹ wá bi ara yín léèrè: kí ló dé tí ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ wà nínú ilé, tí ògiri kan péré wà láàrin wọn, yóò fi máa bẹ ẹnì kan tí kò mọ̀ rí títí di ìdájí, tí kò ní kan ilẹ̀kùn òbí rẹ̀? Bí ọmọ bá tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn òun, ojú yóò tì í. Bó bá jẹ́ inú ilé tí wọ́n ti ń na ọmọ kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ló ti wá, ó lè bẹ̀rù àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri ju ẹni tó wà nínú fóònù lọ. Ọ̀rọ̀ yìí korò lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé e mì. Ẹ̀rù ilé ni ọ̀daràn náà ń tà fún ọmọ yín. Òun kọ́ ló dá a sílẹ̀, ó bá a níbẹ̀ ni.

A máa ń sọ ọ́ létí àwọn ọmọ wa pé ikú yá ju ẹ̀sín. Àgbà ló ń pa òwe yìí fún àgbà bíi tirẹ̀, nípa ẹni tí wọ́n gbé ìlú lé lọ́wọ́ tó fẹ́ tà á, nípa ọmọ ogun tó fẹ́ sá lójú ìjà. Kò sẹ́ni tó pa á fún ọmọ ọdún 14 tó ṣi fóònù lò. Ṣùgbọ́n ọmọ ti gbọ́ ọ: nínú fíìmù, nínú ìwàásù, lẹ́nu bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ mọ̀lẹ́bí kan di ti gbangba. Lóru tí ọ̀daràn bá ń ka ìṣẹ́jú fún un, òwe náà lè jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ sí i lọ́kàn, tí yóò sì dà bí ohun tí gbogbo ìran rẹ̀ fọwọ́ sí. Nítorí náà ni mo fi ń sọ ọ́ láìfi sábẹ́ ahọ́n: ẹ pe ọmọ yín, kẹ́ ẹ sọ fún un pé òwe yẹn kò kàn án. Ẹ sọ fún un pé, "Kò sí àwòrán rẹ tí ẹnikẹ́ni lè fi hàn mí tí mo máa fi fẹ́ kí o kú. Bó bá ṣẹlẹ̀, jí mi. Agogo yòówù kó jẹ́, jí mi." Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ má fi òwe mìíràn bò ó.

Àwọn ọmọ a máa gbọ́ ohun tí à ń sọ nípa ọmọ ẹlòmíràn. Fídíò ọmọbìnrin kan á jáde, ìyá á pòṣé nídìí tẹlifíṣọ̀n pé, "Irú ọmọ wo rèé? Tèmi bá dán an wò, màá ní mi ò bí i." Ọmọ tó ń fọ abọ́ lẹ́yìn ń gbọ́. Ó ti mọ ìdájọ́ tí wọ́n máa dá fún òun kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Gbogbo èébú tí ẹ bá bu ọmọ ọlọ́mọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ tiyín ń kó o pamọ́.

Àwa àgbàlagbà gan-an kò sì mọ́wọ́ dúró. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, fídíò ìṣekúṣe tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Èkó wà nínú rẹ̀ jáde sórí ìkànnì, àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kéré gan-an. Àwọn tó bí irú wọn wà lára àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí wọ́n ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ wá wo ohun tí ayé dà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní láti jáde kìlọ̀ pé ẹni tó bá ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, tàbí tó bá ń pín in kiri, lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 14. Kò sí "mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ mi lẹ́kọ̀ọ́ ni" nínú òfin náà. Ẹni tó bá gba àwòrán ìhòòhò ọmọdé, tó tún tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ó ti ṣe iṣẹ́ tí ọ̀daràn àkọ́kọ́ fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin náà ń gbọ́ mi. Gúrúùpù kíláàsì yín lórí WhatsApp kò yọ yín sílẹ̀. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015, sọ ọ́ ní abala 23 rẹ̀ pé ẹni tó bá pín àwòrán ìṣekúṣe ọmọdé lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Bí wọ́n bá fi àwòrán ọmọ kíláàsì rẹ ránṣẹ́ sí ọ, ibi tó yẹ kó parí sí ni ọ̀dọ̀ rẹ. Lọ sọ fún àgbà kan tó o fọkàn tán. Má fi ẹ̀rín sí i, má sì fi ìka tọ́ka sí ọmọ náà lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rín tí ẹ bá rín láàárọ̀ ọjọ́ Ajé lè jẹ́ ohun tó ti ọmọ yẹn dé etí bèbè.

Àwọn ọmọbìnrin wa ní tiwọn, ẹni tí wọ́n mọ̀ dáadáa ló sábà máa ń ṣe é fún wọn. Bọ̀bọ́ rẹ̀ ni. "Tó o bá nífẹ̀ẹ́ mi, fi hàn mí. Màá pa á rẹ́." Kò pa á rẹ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìjà á dé, ọmọbìnrin á ní òun ò ṣe mọ́, ọmọkùnrin á wá gbé fọ́tò náà jáde pé, "Ìwọ gbìyànjú kó o fi mí sílẹ̀." Ọmọ mi obìnrin, ẹni tó bá fi àwòrán béèrè ìfẹ́ lọ́wọ́ rẹ ti sọ irú ẹni tóun jẹ́ fún ọ. Ìfẹ́ tó ń béèrè ohun tó lè fi mú ọ bí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́, má gbà á wọlé. Bí fọ́tò bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà, má torí ẹ̀ padà sọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí bó o bá padà lẹ́ẹ̀kan, ojoojúmọ́ ni yóò máa fi fà ọ́.

Ohun mìíràn tún ti dé tí ọ̀pọ̀ òbí kò tíì gbọ́. Ọmọ tí kò fi àwòrán kankan ránṣẹ́ rí kò bọ́ mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Almendralejo nílẹ̀ Sípéènì, àwọn ọmọdébìnrin tó lé ní 20 rí àwòrán ìhòòhò ara wọn lórí fóònù àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Aṣọ wà lọ́rùn wọn nígbà tí wọ́n ya fọ́tò náà. Àwọn ọmọkùnrin kan ló kó o lórí ìkànnì, tí wọ́n sì fi ètò kọ̀ǹpútà bọ́ aṣọ kúrò lára rẹ̀, ìhòòhò tó kù sì jọ tòótọ́. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọbìnrin náà jẹ́ ọmọ ọdún 11. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ dá ọmọ 15 lẹ́bi. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá wá pẹ̀lú omijé pé àwòrán òun jáde, ẹ má kọ́kọ́ bi í pé kí ló dé tó fi yà á. Ó lè má yà á rárá.

Ìwọ tó ń ṣe é ńkọ́? Mo mọ̀ pé o wà. Ní oṣù keje ọdún 2024, Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook àti Instagram, pa àkáǹtì Instagram tó tó 63,000 rẹ́ ní Nàìjíríà nìkan, nítorí iṣẹ́ ìdúnkookò yìí. Ó tún pa gúrúùpù Facebook bíi 5,700 rẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ara wọn ní jìbìtì, tí wọ́n ti ń ta ọ̀rọ̀ tí wọ́n á máa fi tan ènìyàn jẹ. Ẹni tó ń ra irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ó lè máà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti sọ fún ọ pé iṣẹ́ ni, pé òyìnbó ló jẹ wá ní gbèsè, pé o kàn ń gba díẹ̀ padà. Ọmọ ọdún 15 tó ń sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò jẹ ọ́ ní kọ́bọ̀. O ò mọ bàbá rẹ̀, o ò mọ bàbá bàbá rẹ̀. Bó bá kú, ìwọ lo pa á, bí ẹ̀jẹ̀ kò tilẹ̀ kàn ọ́ lára. Má sì ṣe rò pé òkun tó wà láàrin yín yóò bò ọ́ mọ́lẹ̀. Àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí mo dárúkọ níṣàájú rò bẹ́ẹ̀.

Ibi tí irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ti ń hù, àwa náà mọ̀ ọ́n. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2022, ní Abẹ́òkúta, ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ àwọn ọmọkùnrin kan níbi tí wọ́n ti ń sun orí ọmọbìnrin tí wọ́n pa, nínú ìkòkò, fún oògùn owó. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 17. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ, èsì tí ọ̀kan fọ̀ ni pé orí Facebook ni. Ó tẹ ìbéèrè síbẹ̀ nípa oògùn owó, ìdáhùn sì jáde fún un. Ojoojúmọ́ ni ìkànnì yìí ń fi mọ́tò, àpò owó àti ẹgbẹ́ tó ń náwó nínàákúnàá han ọmọ tí kò tíì jáde ilé ẹ̀kọ́, kò sì fi iṣẹ́ tó bí owó náà hàn án. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tí ọmọ náà wá ra ẹ̀rọ amúnáwá fún un, tó gbà á, tó sì súre fún un pé yóò máa lọ síwájú, ó yẹ kó béèrè ibi tí owó ti wá kó tó ṣe àmín. Ó lè jẹ́ ìyá mìíràn ló ń sunkún níbì kan nítorí owó ọ̀hún.

Ẹ má retí pé àwọn tó ni ìkànnì yóò bá yín ṣọ́ ọmọ. Ọdún 13 ni wọ́n ní kí ọmọ pé kó tó ṣí àkáǹtì, ọmọ ọdún 10 sì ń tẹ ọdún tó wù ú. Ní ọdún 2021, Frances Haugen, tó ti ṣiṣẹ́ ní Facebook, kó ìwé inú ilé iṣẹ́ náà síta. Ó wà nínú rẹ̀ pé 32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọbìnrin ọ̀dọ́langba sọ pé nígbà tí ara wọn kò bá wù wọ́n, ṣe ni Instagram ń dá kún un. Ìwádìí tí ilé iṣẹ́ náà ṣe fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n mọ̀, ọjà sì ń lọ. Ilẹ̀ Australia ti bẹ̀rẹ̀ òfin láti ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2025 pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ ní àkáǹtì lórí àwọn ìkànnì ńláńlá wọ̀nyí. Ó dára. Ṣùgbọ́n òbí tó bá jókòó de irú òfin yẹn nílẹ̀ wa, ọmọ rẹ̀ á ti dàgbà kó tó dé.

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín lónìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe. Fóònù ọmọ kò gbọdọ̀ sùn nínú yàrá ọmọ. Kó sùn ní pálọ̀, tiyín náà kó sùn síbẹ̀ kó má bàa dà bí ìyà. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ jọ ti àkáǹtì rẹ̀ pa mọ́ àjèjì, kí àwọn tí kò mọ̀ má lè ka orúkọ àwọn tó ń tẹ̀lé e, nítorí orúkọ wọ̀nyẹn ni ọ̀daràn máa fi halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ kà á fún un bí wọ́n ṣe ń ṣe é, láti "o ò tíì sùn" títí dé kíkà ìṣẹ́jú, kó lè dá a mọ̀ bó bá wọlé. Ọmọ tó bá ti gbọ́ ọ rí yóò mọ̀ pé òun kọ́ ni àkọ́kọ́, pé ẹni tó ń ka ìṣẹ́jú yẹn ti kà á fún ọgọ́rùn-ún ọmọ mìíràn.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ má tún dá a lóhùn mọ́, bó ti wù kó halẹ̀ tó. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lórí fóònù bí ojú tilẹ̀ ń tì yín. Ẹ ya àwòrán gbogbo rẹ̀ pamọ́, pẹ̀lú orúkọ àkáǹtì náà àti nọ́ńbà báńkì tó ní kẹ́ ẹ sanwó sí, nítorí òun ni ọlọ́pàá máa tẹ̀ lé. Ẹ fẹjọ́ àkáǹtì náà sùn lórí ìkànnì tó ti ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dí i pa. Àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà ní ẹ̀ka tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára l'Ábùjá, NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, náà sì ń gba irú ẹjọ́ yìí.

Ètò kan tún wà tó ń jẹ́ Take It Down, èyí tí NCMEC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀ ní ọdún 2023. Ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í béèrè orúkọ, ẹni tó wà níbikíbi lágbàáyé sì lè lò ó bí wọ́n bá ya àwòrán náà nígbà tí ọmọ kò tíì pé ọdún 18. Àwòrán kò ní kúrò lórí fóònù ọmọ náà. Àmì kan ni ètò yẹn máa yọ lára rẹ̀, tí yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn bíi Facebook, Instagram, TikTok àti Snapchat, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá gbé e síta, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Kò lè yọ èyí tó ti wà lórí WhatsApp, ẹ má tan ara yín lórí ìyẹn.

Kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, lóru tí ọmọ bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ má béèrè ohunkóhun tí yóò mú un kábàámọ̀ pé ó kan ilẹ̀kùn. Pàṣán kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ti di tiyín. Ẹ má jẹ́ kó padà lọ dá sùn. Kó sùn sọ́dọ̀ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tó ga jù yín lọ, kẹ́ ẹ sì wà pẹ̀lú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, títí tí ìhalẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. Láàárọ̀, kẹ́ ẹ jọ dìde, kẹ́ ẹ jọ lọ fẹjọ́ sùn.